Ta Ló Ń Ba Àgbáyun Màámi Jẹ́?

Àgbáyun kì í ṣe èso tí èèyàn ń fọkàn tán. Ẹ já a láàárọ̀, á pupa, á máa dán, á wù yín í wò. Tó bá di ọjọ́ kejì, á ti máa ṣú níbi ìdí. Tó bá tún pẹ́ sí i, á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ lọ́wọ́, tí ẹ bá sì jẹ ẹ́, tí ẹ mu ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, ọsàn á kan yín lẹ́nu bí ẹni tí kò jẹ nǹkan kan. Agbára rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìsinsìnyí tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín: èso kékeré ni, kò ju orí ìka lọ, òun fúnra rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti fi ra ahọ́n, ohunkóhun tó bá kan tí ẹ bá jẹ lẹ́yìn rẹ̀, á dùn bí oyin. Àwa ọmọ Ifẹ̀ fi í ṣeré ní kékeré. Mi ò mọ̀ pé ó máa di ohun tí màá máa ṣọ́ bí ẹni ń ṣọ́ olè.

Mo sì mọ olè í ṣọ́, ẹ má ṣèyọnu. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe ní yunifásítì, níbi tí èèyàn ti lè jókòó lé fáìlì lórí kó tún máa bá yín wá a. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìfura. Ọ̀dọ̀ Màámi ni. Nígbà tí a wà ní kékeré ní àdúgbò Ìlàrè, Màámi kì í jẹ́ ká jẹun nílé onílé. Tí a bá ti ibi eré dé, wọ́n á ní ká ya ẹnu, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀. Tí wọ́n bá gbóòórùn àkàrà tí kì í ṣe tiwọn, a ti rógo. Wọ́n á ní, pańsá ò fura, pańsá já sínú iná. Àjà ò fura, àjà jìn. A ò mọ ohun tó ń jẹ́ pańsá nígbà náà, ṣùgbọ́n a mọ ohun tó ń jẹ́ ẹgba.

Nígbà tí àìsàn jẹjẹrẹ mú Màámi lọ́yàn, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn tán, tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa oògùn líle sí wọn lára, ẹnu ló kọ́kọ́ kú. Wọ́n ní gbogbo oúnjẹ ń ta irin lẹ́nu àwọn, pé bí ẹni ń lá ọ̀bẹ ni. Ohun tí mo bá sè, wọ́n á fi ẹnu kàn án, wọ́n á gbé e sílẹ̀. Ara wọn ń joro lójú mi. Dókítà tó ń tọ́jú wọn, ọmọkùnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní tí Màámi bá tún rù sí i kí ọjọ́ oògùn tó kàn tó pé, àwọn ò ní lè fún wọn, torí pé ara wọn ò ní gbà á. Ó ní kí n ṣáà jẹ́ kí wọ́n máa jẹun. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni mo fi okùn di ẹnu wọn. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò ráyè bínú sí i.

Àwa mẹ́ta la wà nínú ilé nígbà náà: Màámi, èmi tí ọkọ mi ti kú tí mo ti padà wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn, àti ìyàwó àbúrò mi. Àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ó wá fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ pé kó máa bá mi tọ́jú Màámi nígbà tí mo bá wà níbi iṣẹ́. Ọmọ Ẹdúnàbọ̀n ni ìyàwó. Jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ ohun tó wà níkùn rẹ̀.

Òun ló mú ọ̀rọ̀ àgbáyun wá. Ó ní igi rẹ̀ wà létí oko kòkó bàbá òun, pé ká máa fún Màmá jẹ kí wọ́n tó mu ògì. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé, kí ló dé tó jẹ́ oko bàbá tirẹ̀ ni ìtọ́jú ìyá mi ti máa wá? Ṣùgbọ́n mo dákẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé ó lọ, ó sì gbé e dé nínú abọ́ kékeré kan. Ó po ògì tó kan dáadáa, kò fi ṣúgà sí i, ó tún fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Òun fúnra rẹ̀ jẹ àgbáyun kan, ó bu ògì náà mu, ó wá gbé ife fún Màámi. Màámi fi àgbáyun tiwọn sẹ́nu, wọ́n yí i káàkiri ahọ́n, wọ́n tu kóró rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n mu ògì. Wọ́n dúró. Wọ́n wo inú ife. Wọ́n tún mu. Nígbà tí wọ́n mu ún tán, wọ́n béèrè bóyá ó ṣì kù nínú ìkòkò. Mo wọ yàrá mi lọ, mo sunkún ayọ̀.

Bí a ṣe máa pa á mọ́ ló wá kù. Ẹdúnàbọ̀n ò jìnnà, ṣùgbọ́n ìyàwó ò lè máa lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ kó fi Màámi nìkan sílẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ kó wá, mo fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, torí mi ò mọ ọwọ́ ẹni tó ti kàn án. Mo dì í sínú ọ̀rá, mo so ó le dandan, mo gbé e sí fíríìjì. Ọ̀rá náà làágùn, àgbáyun rà. Mo gbé òmíràn sínú abọ́ onídèérí; iná lọ, nǹkan funfun hù lé e lórí. Mo gbé òmíràn sí fírísà. Ó le bí òkúta, ṣùgbọ́n nígbà tó yọ́, awọ rẹ̀ bẹ́, omi rẹ̀ dànù, Màámi sì ní irú èyí ò wù àwọn í fi sẹ́nu. Mo bínú sí èso yẹn bí ẹni pé ó gbọ́ ohun tí mò ń sọ.

Nígbà tó yá, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mi ò fọ̀ ọ́ mọ́, àfi tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́. Mo ní kí ìyàwó máa já a tòun ti ìdí rẹ̀. Tó bá ti dé, màá ṣa àwọn tó ti ń rọ̀ kúrò, torí pé ẹyọ kan tó bá bàjẹ́ ló ń kó ran ìyókù. Màá tẹ́ aṣọ gbígbẹ sínú abọ́ fífẹ̀, màá tò ó kí ọ̀kan má gun ọ̀kan, màá fi ewé mọ́ínmọ́ín bò ó fẹ́rẹ́ kí atẹ́gùn lè máa wọ ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ fíríìjì ni mo ń gbé e sí, níbi tí òtútù ò ti pọ̀ jù. Tí iná bá lọ, màá gbé abọ́ náà sínú kúlà, màá fi ike omi dídì yí i ká. Tí a bá já a ní Sátidé, ó ṣì máa ń pọ́n ní Ọjọ́rú. Màámi ń mu ògì, wọ́n ń jẹ ọ̀pẹ òyìnbó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn tó ti jìn sínú bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Ibi tí ọkàn mi ti balẹ̀ yẹn ni nǹkan ti yí. Màá wo àgbáyun láàárọ̀ kí n tó jáde, pípọ́n. Màá dé nírọ̀lẹ́, ìdajì rẹ̀ ti ṣú, ó ti rọ̀, bí ohun tí wọ́n gbé sún mọ́ iná. Mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá ẹ̀yìn bóyá iná lọ, wọ́n ní iná wà láti àárọ̀. Mo kọ́kọ́ fura sí àwọn náà. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ wo ló máa wọ ilé onílé, tó máa rí ẹja, tó máa rí ẹyin, tó máa fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tó wá máa fọwọ́ pa àgbáyun? Mo bi Màámi bóyá wọ́n rí ẹnikẹ́ni nídìí fíríìjì. Wọ́n ní àwọn ò rí ẹnì kankan. Ó wá ku ẹnì kan ṣoṣo.

Mo rò ó pé ó ń pààrọ̀ rẹ̀ ni, pé ó ń kó tuntun fún àwọn èèyàn rẹ̀, tó wá ń fi èyí tó ti kú rọ́pò. Kí n lè mú un, mo fi òwú dúdú tín-ín-rín so ìdí àwọn tó pọ́n jù, mo tò wọ́n padà, mo lọ síbi iṣẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, mi ò mọ ohun tí mò ń tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo dé, òwú mi wà níbẹ̀ láìyẹ̀, lára àgbáyun tó ti rọ̀. Kì í ṣe pààrọ̀ nìyẹn. Ẹnì kan ń gbé e jáde, ó ń bà á jẹ́, ó ń dá a padà síbi tó wà. Ìyẹn tún wá bà mí lẹ́rù ju olè lọ. Olè fẹ́ jẹ ni. Ẹni tó ń ba oúnjẹ aláìsàn jẹ́, kí lòun fẹ́?

Mo dáhùn rẹ̀ fúnra mi. Mo ní ó ti sú u. Ó fẹ́ lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Àbújá, Màámi ló sì dá a dúró. Tí Màámi bá lọ, òun náà á lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò ó, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ má sì wò mí bí èèyàn burúkú, ìfura loògùn àgbà.

Bí mo ṣe kó àgbáyun sínú kúlà, tí mo gbé e wọ yàrá tèmi nìyẹn. Mo ti ilẹ̀kùn, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró mi. Láàárọ̀, èmi fúnra mi ni mo ń mú àgbáyun jáde, màá dúró ti Màámi lórí, màá rí i pé wọ́n fi sẹ́nu, màá máa wo bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ mì. Nírọ̀lẹ́ bákan náà. Àgbáyun inú yàrá mi ò ṣú, kò sì rọ̀. Ẹ rí i báyìí? Ta lẹ fẹ́ kí n mú?

Mo pe ìyàwó sí ilé ìdáná. Mi ò pariwo. Mo sọ fún un pé mo ti mọ ohun tó ń ṣe, pé kó jẹ́ kó mọ síbẹ̀, pé ìyá ẹni kì í ṣe méjì. Kò bú mi, kò búra, kò ní kí n mú ẹ̀rí wá. Ó wọlé lọ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó kúnlẹ̀ kí Màámi, ó ní òun fẹ́ lọ wo bàbá òun fún ìgbà díẹ̀. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà sí mi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá Màmá jẹun o."

Ó gun ọ̀kadà, ó lọ. Ọ̀rọ̀ náà kọ mí lóminú. Kí ló ní lọ́kàn? Ṣé òun ló fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyá mi ni, àbí ọgbọ́n kan ló tún ń dá?

Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́, mo jókòó ti Màámi. Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Àṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Màámi á gba àgbáyun lọ́wọ́ mi, wọ́n á fi sẹ́nu, wọ́n á fi ètè kan ògì, wọ́n á ní, "Ó kan." Wọ́n á gbé e sílẹ̀. Ọ̀pẹ òyìnbó, ó kan. Ọsàn, ó kan. Mo rò pé àgbáyun ti kú sínú kúlà láìjẹ́ kí n mọ̀. Mo mú ọ̀kan nínú rẹ̀, mo jẹ ẹ́, mo fa ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Ọsàn náà dùn débi pé mo fa gbogbo omi rẹ̀ tán. Nǹkan kan ò ṣe àgbáyun. Mo tilẹ̀ rò ó pé ìyàwó ti ṣe nǹkan kan sínú ilé kó tó lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màámi ti tún jìn, ọjọ́ ilé ìwòsàn sì ń bọ̀. Mi ò lè sùn mọ́.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fún Màámi ní àgbáyun, mo ní mò ń lọ gbé omi, mo wá dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì. Mo rí wọn. Wọ́n yọ àgbáyun náà lẹ́nu ní odindi, eyín ò kàn án, wọ́n nù ún, wọ́n dì í mọ́ kókó etí aṣọ wọn. Mo wọlé, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n dì síbẹ̀. Wọn ò fi í pamọ́. Wọ́n tú kókó náà sílẹ̀ lórí itan wọn. Àgbáyun ló kún ibẹ̀, àwọn kan ti gbẹ, àwọn kan ti fọ́.

"Ṣé ẹ̀yin náà lẹ ń ba tinú fíríìjì jẹ́?"

"Èmi ni." Wọ́n ní tí ìyàwó bá wà lẹ́yìnkùlé tó ń fọṣọ, àwọn á kó o sójú fèrèsé tí oòrùn ń pa, tó bá ti rọ̀, àwọn á dá a padà.

"Màámi, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

"Torí pé mi ò fẹ́ kú ni."

Mo jókòó sílẹ̀. Wọ́n wá ń ṣàlàyé fún mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Wọ́n ní àgbáyun ń pa ẹnu àwọn. Tí àwọn bá ti jẹ ẹ́, ohun tó kan ò kan mọ́, ohun tó korò ò korò mọ́. Wọ́n ní ẹnu ló ń ṣọ́ ikùn. Tí ẹnì kan bá wá po nǹkan mọ́ ògì àwọn, kí lẹnu àwọn fẹ́ fi mọ̀ ọ́n? Ẹni tó bá ń fún èèyàn ní àgbáyun kó tó gbé oúnjẹ fún un, láàárọ̀ àti lálẹ́, èèyàn gbọ́dọ̀ wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ara tù mí díẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ wa ti dọ́gba. Mo ní èmi náà ti fura sí ìyàwó, ìdí tí mo fi lé e nìyẹn, kí wọ́n má bẹ̀rù mọ́.

"Ìyàwó kẹ̀?" Màámi wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo sọ. "Ìyàwó máa ń bá mi mu nínú ife. Ìwọ ni."

Màámi ò dúró kí n dáhùn. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti ń ṣàìsàn, èmi ò fi ṣíbí kan oúnjẹ àwọn rí. Mo kàn máa ń dúró lé àwọn lórí, màá máa wo ọ̀fun àwọn. Mo tún kó èso wọ yàrá, mo tì í, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìró. Wọ́n ní kí ni èèyàn ń tì mọ́lé lára àgbáyun? Ẹnì kan ṣoṣo tó ń bá àwọn jẹun, mo tún lé e lọ. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ èmi ni mo rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ni màá rò?

Ó dùn mí. Ó dùn mí dé egungun. Mi ò jẹ nínú oúnjẹ wọn torí kí ó má bàa dín kù. Mò ń wo ọ̀fun wọn kí n lè mọ ohun tí màá sọ fún dókítà. Gbogbo ohun tí mo ṣe kí wọ́n má bàa kú, òun ni wọ́n tò jọ tí wọ́n fi pè mí ní apànìyàn. Inú bí mi, mo fẹ́ dìde kí n jáde fún wọn nílé. Ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ wọn tó wà lórí itan, pẹ̀lú àgbáyun fífọ́ yẹn. Egungun ló kù níbẹ̀. Ẹjọ́ á dúró. Ebi ò ní dúró.

Mo lọ gbé sítóòfù, mo gbé e sílẹ̀ níwájú wọn ní pálọ̀. Mo gbé ògì wá, mo gbé omi wá, mo fọ ife lójú wọn. Mo po ògì náà, wọ́n ń wo ọwọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó tó mu, mi ò fi àgbáyun sẹ́nu. Mo mu ún bẹ́ẹ̀. Ó kan mí lẹ́nu débi pé ojú mi fún pọ̀. Màámi ń wo ọ̀fun mi.

"Tún mu."

Mo tún mu. Wọ́n ń wò mí, wọ́n ń dúró wò bóyá màá ṣubú. Nígbà tí mi ò ṣubú, wọ́n na ọwọ́, wọ́n gba àgbáyun. Wọ́n jẹ ẹ́ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, mo gbọ́ ìró kóró rẹ̀ léyín wọn. Wọ́n mu ògì náà tán.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Ẹdúnàbọ̀n. Mo bẹ ìyàwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ ò mọ́ mi lára. Ó ní Màmá ti bi òun léèrè tipẹ́ bóyá òun rí mi rí níbi tí mo ti ń tọ́ oúnjẹ wọn wò, ìdí nìyẹn tí òun fi ń bá wọn jẹ ẹ́. Ó ní òun tún rí àgbáyun lójú fèrèsé, òun sì dákẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní ẹnu wo ni òun fẹ́ fi sọ fún mi pé ìyá mi ń sá fún mi? Ó kó ẹrù rẹ̀, a jọ padà sílé.

Láti ìgbà yẹn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ń jẹun. Èmi ni mo ń kọ́kọ́ bu òkèlè, èmi ni mo ń kọ́kọ́ mu. Abọ́ àgbáyun ti padà sí ìsàlẹ̀ fíríìjì, ìyàwó ń já a wá, kò sì bàjẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n Màámi kì í fi ẹnu kan nǹkan kan àfi tí mo bá gbé tèmi mì. Mo rò pé wọ́n máa fi í sílẹ̀ tó bá yá. Wọn ò fi í sílẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ oògùn pé, Màámi gun ìwọ̀n ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ti sanra díẹ̀ sí i. Dókítà tí kì í rẹ́rìn-ín yẹn mi orí, ó ní kí wọ́n lọ gbé oògùn wá. Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wá iṣan lápá Màámi, ó ní, "Màmá, ọmọ yín yìí mà ń tọ́jú yín gan-an o."

"Ó ń gbìyànjú," Màámi dáhùn. "Mo ṣì ń ṣọ́ ọ."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Àwa méjèèjì ò rẹ́rìn-ín.